Ta Ló Ń Gbọ́ Wa?

Ẹgbẹ̀rún ìwé ìpolówó la tẹ̀ ní Adó.
A pín in ní gáréèjì, a pín in lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì,
a lẹ ìyókù mọ́ òpó iná títí dé Ọ̀yẹ́.
Òjò kan ṣoṣo ló fọ orúkọ wa nù.

Àwa mẹ́rin ni: Dàísí tó ń ta gìtá,
Fálúyì nídìí ìlù,
Bọ́sẹ̀dé tó ń kọrin bí ẹni ń bẹ ìkòkò kó má jóná,
èmi nídìí dùùrù tí eyín rẹ̀ méjì kò fọhùn mọ́.
"Ta lẹ ń kọrin fún?" ni onísitúdíò bi wá.
A ní, "Gbogbo ayé."
Ó rẹ́rìn-ín, ó ka owó rẹ̀ pé, ó ní
gbogbo ayé kò ní àdírẹ́sì.

A lọ bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ọ̀yẹ́.
Wọ́n pàtẹ́wọ́ bí ẹni ń lé eṣinṣin,
ojú wọn kò kúrò lára fóònù.
A lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Adó,
ọkùnrin kan ní ká rọra o,
òun ń dúnàá dúrà ilẹ̀.
Ẹlòmíràn ní ká yọ ẹnu Èkìtì kúrò nínú orin,
pé "ulé" kò dùn létí, "ilé" ni ká pè é,
kí ará Ìbàdàn lè gbọ́, kí ará Èkó lè gbọ́.
Bọ́sẹ̀dé kò fèsì.
Ó ń já èékánná jẹ títí a fi délé.

Ìkọ̀lé la ti rí ìdáhùn, a ò tilẹ̀ wá a débẹ̀.
Mo yà ra ṣájà lọ́dọ̀ Ìgè,
ọmọ tó ń kó orin sínú mẹ́mọ́rì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà.
"Ẹ̀yin lẹ kọ 'Ulé'?
Orin yín ló ń bọ́ mi lọ́sẹ̀ yìí."
Mo ní, ta ló ń rà á?
Ó ṣí ìwé gbèsè rẹ̀, epo ti bá a jẹ́ létí:
Ìyá Tọ́ba, ìdí ààrò gàrí, igba náírà.
Ìyá Èjìdé, ìdí ààrò gàrí.
Mẹ́ta mìíràn, ibẹ̀ náà.
Nọ́ọ̀sì kan tó ń ṣiṣẹ́ òru.
Dẹ́rẹ́bà tó ń kó pákó lọ Kàdúná,
ó ní kí oorun má baà gbé òun.
Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kan níbẹ̀. Kò sí oníjó.
Àwọn tí ọwọ́ wọn dí ni,
tí etí wọn ṣófo.

Lọ́jọ́rú a gbé jẹnẹrétọ̀ sínú kẹ̀kẹ́ márùwá.
Èéfín wọ Fálúyì lójú, ó ń lùlù, ó ń sunkún.
Àwọn obìnrin náà kò wò wá.
Ọ̀bẹ ń lọ lára ẹ̀gẹ́, ṣàà, ṣàà,
nígbà tó yá, ìlù ń tẹ̀lé ọ̀bẹ.
Bọ́sẹ̀dé dé ibi "ulé",
Ìyá Èjìdé gbé orí sókè.
"Ọmọ ta ni ọ́?"
Wọn kì í bi olórin ní irú ìyẹn.
Ó dárúkọ bàbá rẹ̀, ará Ìjẹ̀ṣà-Iṣu.
Ìyá náà mi orí, ó ní a ṣi ọ̀rọ̀ kan pè nínú ẹsẹ kejì,
ó pè é fún wa lẹ́ẹ̀mejì,
ó ní ká tún un kọ.
A tún un kọ.

Ènìyàn mọ́kànlá. Mo kà wọ́n.
Owó epo jẹnẹrétọ̀ kò pé,
ṣùgbọ́n a gbé kóńgò gàrí mẹ́ta délé, ó ṣì gbóná.

Tí mo bá ń kọ orin tuntun báyìí,
mo máa ń dá iná, mo máa ń jókòó tì í,
kí n mọ̀ bóyá yóò borí ariwo igi tó ń jó.
Lánàá Ìgè pè mí: orúkọ kan tún ti wọ ìwé,
ẹnì kan ní Ọ̀mùò tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ̀.
A ó lọ wá a lọ́jọ́ Àìkú,
bí táyà bá gbà fún wa.